Àtúnṣe: Oyin Ń Mú Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ga

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ojúlówó oyin kì í mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, àti pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè máa fi í mu ògì bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ó sì léwu.

Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 oyin ló jẹ́ ṣúgà, pàápàá fructose àti glucose. Glucose inú rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú fructose, ó sì lè sọ ọ́ di ọ̀rá bí ó bá ti pọ̀ jù. Nítorí pé oyin wúwo, ṣúgà tó wà nínú ṣíbí ńlá kan rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 17, nígbà tí ti ṣúgà funfun nínú ṣíbí kan náà jẹ́ bíi 12. Lóòótọ́, oyin dùn ju ṣúgà lọ, kì í sì í yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè tó ṣúgà funfun, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré.

Stevia, ìyẹn adùn tí a ń rí láti ara ewé kan tí àwọn èèyàn ń lò dípò ṣúgà, kì í mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga ní tirẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí a má ṣe gbára lé irú adùn bẹ́ẹ̀ láti dín ìsanra kù. Àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ kò sí lára àwọn tí ìmọ̀ràn náà wà fún. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó yí ohun tí ẹ ń lò padà.