Texas náà ń gba owó orí ilé

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri pé "ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ owó orí ní Amẹ́ríkà, kó fi New Jersey sílẹ̀, kó gba Texas lọ", ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Lóòótọ́, Texas kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù. Ṣùgbọ́n owó orí ilé ibẹ̀ wà lára èyí tó ga jù ní Amẹ́ríkà, torí òun ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ilé kan tó $300,000, tí owó orí ẹ̀ sì jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún: $6,000 lọ́dún nìyẹn, $500 lóṣooṣù. Kódà bí ẹ bá san gbèsè ilé tán, ẹ ò ní bọ́ lọ́wọ́ eléyìí. Ó ń dun àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì gan-an, mi ò sì ní bá ẹni tó bá torí ẹ̀ kó lọ wí.

New Jersey wọ́n, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó dáńtọ́ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí New York. Ẹni tó lọ́mọ mẹ́ta, tó wá kó lọ síbi tí yóò ti máa sanwó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, kí ló jèrè?

Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé, ẹ má sì wo iye owó orí tí ẹni tó ń ta ilé ń san. Ní California, láti ọdún 1978, iye tí ìjọba kà sí ilé kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè lọ́dún, àfi tí wọ́n bá tà á. Ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni wọ́n máa tún ilé náà díyelé, owó orí yín sì lè ju ti ẹni tó tà á lọ.