Ìlà Kan Ṣoṣo Kọ́ Ni Gbogbo Ọkọ̀ Ìje Ń Tọ̀ Nínú Kọ́nà

Bí a bá bi àwọn tí ó fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀ léèrè ibi tí ó yẹ kí awakọ̀ gbà nínú kọ́nà, ìdáhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn yóò fún wa: kí ó bẹ̀rẹ̀ láti etí òde títì, kí ó kan etí inú ní agbedeméjì gẹ́lẹ́, kí ó sì jáde padà sí etí òde. Wọ́n gbà pé kọ́nà ni ó ni ìlà yìí, irú ọkọ̀ yòówù kí ó máa bọ̀. Àwọn eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa ń kun ìlà náà sójú títì sì ti mú kí ìgbàgbọ́ yìí rinlẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ó bá fẹ́ wa ọkọ̀ ìje ayé àtijọ́.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó jọ òtítọ́ ni pé ìṣirò wà nídìí rẹ̀. Ká ní táyà ọkọ̀ kan lè di ilẹ̀ mú pẹ̀lú agbára tí ó tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ọkọ̀ náà. Bí ó bá ń yí nínú òbìrí tí àárín rẹ̀ jìnnà sí etí ní mítà 40, eré rẹ̀ kò lè ju nǹkan bíi kìlómítà 64 ní wákàtí kan lọ. Bí a bá sọ mítà 40 yẹn di 80, yóò lè sá tó 90. Nítorí náà, ẹni tí ó lo gbogbo fífẹ̀ títì yóò yára ju ẹni tí ó lẹ̀ mọ́ etí inú lọ. Ṣùgbọ́n eré inú kọ́nà nìkan ni ìṣirò yìí ń sọ. Kò sọ ohun kan nípa eré tí ọkọ̀ yóò gbé jáde nígbà tí ọ̀nà gbọọrọ bá wà níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a mú pápá Goodwood, nítòsí Chichester ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ ọ̀nà tí ó yí pápá ọkọ̀ òfurufú ológun ká kí ó tó di pápá ìje ní ọdún 1948. Ìje dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní 1966, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 1998 pẹ̀lú irú àwọn ọkọ̀ ìgbà náà. Kọ́nà Lavant máa ń tú awakọ̀ sí ọ̀nà gígùn kan. Lotus Elan, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6 lọ, kò ní agbára tí yóò fi tètè gba eré tí ó bá sọnù padà, nítorí náà ìlà tí ó gbòòrò tí ó sì rọra tẹ̀ ni ó bá a mu. AC Cobra tí ó ní V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) lítà 4.7 lè ṣe òdìkejì: kí awakọ̀ rẹ̀ pẹ́ kí ó tó fa bíréèkì, kí ó yà ṣíńkín, kí ó pẹ́ kí ó tó kan etí inú, kí ọkọ̀ lè tètè tọ́, kí ó sì tẹ iná.

Porsche 911 ti ọdún 1964 ni ó ń jẹ ẹni tí kò kíyèsára níyà jù. Ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn gan-an ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Awakọ̀ tí ó tètè yà yóò rí i pé títì ń tán lọ níwájú òun, ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìwúwo yóò sún síwájú, táyà ẹ̀yìn yóò tú ilẹ̀ sílẹ̀, ìdí ọkọ̀ yóò sì fì jáde bí òòlù tí a so mọ́ okùn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà yóò fa bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì tọ́, yóò mú sùúrù, yóò pẹ́ kí ó tó yà, yóò sì rọra tẹ iná kí ìwúwo lè padà tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó di àwòṣe 1969, Porsche fúnra rẹ̀ sún táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn ní mìlímítà 57 láti tu ọkọ̀ náà lójú.

Táyà náà ní tirẹ̀. Táyà ìje àtijọ́, tí okùn inú rẹ̀ dábùú ara wọn, máa ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó tú ilẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Bí a bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nà wo ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé imú rẹ̀ kọjú sí koríko inú, bẹ́ẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ ń sún lọ sí òde, ọwọ́ awakọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ bí ọwọ́ ẹni tí kò yà rárá. Ó ti ní láti bẹ̀rẹ̀ sí yà ṣáájú ibi tí awakọ̀ òde òní yóò ti yà, kí ọkọ̀ lè rí àyè yọ̀. Ẹni tí ó bá dúró de ibi tí ìlà inú eré kọ̀ǹpútà ti yà yóò bá ara rẹ̀ nínú koríko.

Àwọn kọ́nà mìíràn kò tilẹ̀ gba ìlànà agbedeméjì yẹn. Madgwick, kọ́nà àkọ́kọ́ ní Goodwood, gùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ ń sún mọ́ etí inú.

Ohun tí mo máa ń rọ ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ àtijọ́ ni pé kí ó fi eré pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ máa pẹ́ kí ó tó yà. Bí títì bá ṣẹ́kù rẹpẹtẹ lápá òde nígbà tí ó bá jáde, kí ó tètè yà díẹ̀ sí i. Bí ó bá sì di dandan kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lẹ́yìn tí ó ti kan etí inú, ó ti tètè jù. Lọ́jọ́ tí ó bá pààrọ̀ táyà, kí ó tún ibi tí yóò ti máa yà wá láti ìbẹ̀rẹ̀.