Ìsinmi Tó Ń Làágùn

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ó dà bí ẹni pé a ti pa òwe náà tì. Lóde òní, ẹni tí iṣẹ́ bá sú kì í darí sílé mọ́. Ńṣe ni yóò kọ̀wé pé òun ń gba àyè oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan gbáko, yóò di ẹrù tó ga ju orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, yóò sì kéde lórí Instagram pé òun ń lọ wá ara òun. Ibi tí ara yìí ti máa ń sọnù ni kò tíì yé mi. N kò tíì gbọ́ ti ẹni tó rí tirẹ̀ he ní ẹ̀yìnkùlé rí. Erékùṣù Bali ní Indonéṣíà ni wọ́n ti sábà máa ń rí i, tàbí lórí àpáta kan tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnìkan sì ti dúró nítòsí láti ya fọ́tò ìpàdé náà.

Kí n má purọ́ mọ́ àṣà yìí, ọmọ ire ni nílé bàbá rẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Hébérù ń lò fún ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ti fa orúkọ tó ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, sabbatical, yọ. Ìwé Léfítíkù, orí 25, pàṣẹ pé bí a bá dá oko fún ọdún mẹ́fà, kí a jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje. Ní 1880, Yunifásítì Harvard gba àṣẹ náà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì fi ta àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́rẹ. Ohun tí àwọn olùsinmi òde òní fò dá nínú ìwé náà ni pé ilẹ̀ tí a ní kó sinmi kò lọ síbì kankan. Ó wà lójú kan, òjò pa á, koríko hù lórí rẹ̀, kò sì ya fọ́tò koríko náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìrìnnà olúwarẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó gbọ́dọ̀ tọrọ físà kó tó wọ Yúróòpù, wọn yóò ní kó mú ìwé wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó búra pé òun kò fẹ́ rí ojú ọ̀gá òun mọ́ yóò tún lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá kan náà, kó lè bá a fọwọ́ sí i pé ó ní iṣẹ́ tí yóò padà sí. Bó bá sì dé àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ti Yúróòpù tí físà kan náà wọ gbogbo wọn, tán, 90 ọjọ́ péré ni òfin fún un nínú 180 ọjọ́. Ọkùnrin tó ń yangàn pé òun kò ní mọ ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí ọjọ́ Ẹtì mọ́ ni ẹ ó bá lóru tó ń fi ìka ka ọjọ́ bí òṣìṣẹ́ tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ku ọ̀la.

Ó sá fún ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù láàárọ̀, ó wá bọ́ sí Camino, ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ń tọ̀, níbi tí àwọn tó bá gbéra láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní Faransé ti ń fẹsẹ̀ rin nǹkan bí 800 kìlómítà dé Santiago de Compostela ní Sípéènì, tí wọ́n sì ń gbé ìwé pélébé kan dání kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sí i níbi tí wọ́n bá sùn. Bí òǹtẹ̀ kò bá pé, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ó sá fún aago, ó dé Machu Picchu, ahoro ìlú àtijọ́ kan ní Peru, ó bá wákàtí tí yóò wọlé lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Angkor Wat, tẹ́ḿpìlì àtijọ́ kan ní Kàm̀bódíà: ẹni tí kò dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ rí láìwí àwíjàre ni ó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ọ̀nà láàárín ọ̀pọ̀ èrò, nítorí pé gbogbo wọn ló fẹ́ wo bí oòrùn ṣe ń yọ níbi tí kò sí èrò.

Ọ̀gá tuntun ló kàn gbà. Ní alaalẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́, bí àwọn òǹwòran kò bá sì tètè dáhùn, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀gá àtijọ́ a máa fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èyí kì í sùn. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ayé àtijọ́ nì, kúrò ní Tangier ní Mòrókò ní 1325, ó lo nǹkan bí ọdún 24 kó tó padà, ó tilẹ̀ ṣe adájọ́ ní Delhi, síbẹ̀ ìgbà tó délé tán ló tó jókòó ti akọ̀wé láti ro ìtàn rẹ̀. Tiwa kò tíì bọ́ bàtà tí ìtàn ti dé apá kẹrìnlá.

Ní 2022, LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń to ìtàn iṣẹ́ wọn sí, la àyè sílẹ̀ fún àsìkò tí ènìyàn kò fi ṣiṣẹ́, ìrìn-àjò sì wà lára ohun tí a lè kọ síbẹ̀. Báyìí ni ìsinmi ṣe di ipò iṣẹ́, tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, tí ẹni tó yá owó tíkẹ́ẹ̀tì tó fi padà wálé sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé òun ti mọ̀ nípa ìṣúná owó.

Ní ọ́fíìsì rẹ̀, obìnrin kan wà tó gba ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó pa fóònù, ó sùn. Nígbà tó wọlé padà, kò sí ẹni tó bi í ní ìtàn kankan, àfi arìnrìn-àjò wa, tó tẹjú mọ́ ọn títí, tó wá rọra béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìpara wo lẹ ń lò?”