Orúkọ Ìyàwó Gbọ́dọ̀ Wà Nínú Ìwé Ilẹ̀

Ní Lugbe, Kuje, Kubwa àti Bwari, ní agbègbè Àbújá, ilé ń dìde lójoojúmọ́, owó ènìyàn méjì ló sì ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tàbí kó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Wuse. Ó yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́ kí wọ́n lè san owó ilẹ̀. Nígbà tí ìwé bá jáde, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èrò wa nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé èyí kò tọ́, ó sì yẹ kó dópin. Ilẹ̀ tí tọkọtaya bá jọ fowó rà, orúkọ àwọn méjèèjì ni kó wà nínú ìwé rẹ̀, láti orí rìsíìtì àkọ́kọ́ títí dé C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni.

Àwọn kan á ní àṣà wa ni pé ọkọ ló ni ilé. Ẹ jẹ́ ká wo àṣà náà fínnífínní. Nílé, orí ilẹ̀ ẹbí ni ọkọ ń kọ́lé sí. Ibẹ̀ ni ìyàwó wá bá a, ọjà rẹ̀ àti owó rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ó tún ní ìpín nínú ohun tí bàbá tó bí i fi sílẹ̀, torí Yorùbá kì í yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún. Àwọn oko ńláńlá tí Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un, tirẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ ẹbí àwa Yorùbá ní Àbújá. Abala 297 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi gbogbo ilẹ̀ FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú wa Àbújá, sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Owó la fi ń gba ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ẹbí ọkọ tó wà ní Ọ̀fà tàbí ní Kàbà kò dá kọ́bọ̀ sí i. Ìyàwó dá. Kí ló wá dé tí a fi ń fi òfin ilẹ̀ ẹbí pín ohun tí ẹbí kò fọwọ́ kàn?

Ìgbà tí ọkọ bá kú láìṣe wíìlì ni ojú máa ń là. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún, ìbáà jẹ́ ní ìdí igi (ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan), ìbáà jẹ́ ní orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan). Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi àti Akinnubi, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ẹbí ọkọ ń jogún. Ọ̀rọ̀ náà dunni wọra, ṣùgbọ́n ó ti wà lákọsílẹ̀. Obìnrin tó ru sìmẹ́ǹtì, tó gba owó alájẹṣẹ́kù, á wá máa gbé nínú ilé náà nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá bímọ ńkọ́?

Bí ìgbéyàwó bá túká, òfin ìgbéyàwó ti 1970, ní abala 72, gba ilé ẹjọ́ láyè láti wo bí wọn yóò ṣe pín dúkìá àwọn tó ṣe ìgbéyàwó lọ́nà ti òfin. Ẹ̀rí ni adájọ́ máa bèèrè. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, obìnrin kan sọ pé òun fowó sí ilé tí ọkọ òun tà. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fẹ́ mọ iye tó jẹ́ àti ohun tó fi rà gan-an. Kò rí i ṣàlàyé, ó sì pàdánù. “Mo ràn ọkọ mi lọ́wọ́” kò tó ẹ̀rí.

Àwọn Mùsùlùmí àárín wa, pàápàá àwọn ará Ìlọrin, máa ń sọ pé Ṣẹ̀ríà ti yanjú èyí. Òótọ́ ni pé ó fún opó ní ìpín: ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá ní. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, ìdá yẹn náà ni wọ́n jọ máa pín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé tó tó 40 mílíọ̀nù náírà ni ọkọ fi sílẹ̀ láìsí gbèsè, ìyàwó kan àti àwọn ọmọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà lórúkọ ọkọ, mílíọ̀nù 5 ni ti ìyàwó. Bí ìlàjì bá ti wà lórúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mílíọ̀nù 20 náà kì í ṣe ogún rárá, tirẹ̀ ni. Á tún gba mílíọ̀nù 2.5 nínú ìyókù. Ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́. Ìwé tí a kò kọ dáadáa ló ń fi ohun ìní obìnrin ṣe ogún ọkọ rẹ̀.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun, ẹ lọ yẹ ìwé náà wò ní AGIS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ FCT, nítorí orúkọ méjì lórí ayédèrú ìwé kò wúlò. Mararaba àti Masaka kò sí ní FCT o. Násáráwá ni, Lafia ni ìwé wọn wà. Ti Suleja àti Madalla, Minna ni. Kí ìyàwó san ìpín tirẹ̀ láti àkáǹtì tirẹ̀ sínú àkáǹtì ẹni tó ń ta ilẹ̀, kó sì kọ ohun tí owó náà wà fún síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọkọ ló gbọ́dọ̀ gbà á kọjá, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Rìsíìtì búlọ́ọ̀kù, irin àti páànù tó bá rà, orúkọ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ sí i. Ìwé pélébé tí POS ń pọ̀ jáde a máa parẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, nítorí náà kó fi fóònù yà á lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ṣọ́ra fún rìsíìtì tí wọ́n kọ “Mr and Mrs Àjàyí” sí. Mrs Àjàyí wo? Ọkọ lè fẹ́ ẹlòmíràn lọ́la. Orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé ni kí wọ́n kọ, bó ṣe wà lórí NIN gẹ́lẹ́. Obìnrin tí NIN rẹ̀ ṣì jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe ná, tàbí kó fi orúkọ yẹn ra ilẹ̀. Kí agbẹjọ́rò sì kọ ọ́ sínú àdéhùn bóyá ẹni tó bá kù láyé ni yóò ni gbogbo rẹ̀, tàbí olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀ tí àwọn àrólé rẹ̀ yóò jogún. Níbi tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, tàbí níbi tí wọ́n fẹ́ pín ogún nílànà ẹ̀sìn, ọ̀nà kejì ló dára, kí wọ́n sì kọ iye ìpín náà sílẹ̀.

Àwọn obìnrin kan ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn: wọ́n ń ra ilẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò tàbí ọmọ sí i. A kò bá wọn jà, ìbẹ̀rù ló gbé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbúrò bá kú, àwọn àrólé tirẹ̀ ló máa gba ilẹ̀ náà. Ní ti ọmọ, òfin ilẹ̀ ti 1978, ní abala 7, kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé alágbàtọ́ wà fún un.

Àwọn ọkọ tó ń bẹ̀rù pé ìyàwó á ta ilé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé tó ní orúkọ méjì, ẹnì kan ò lè dá a tà. Ó ń dáàbò bo ọkọ náà.

Ìwé tó ti jáde lórúkọ ọkọ nìkan kò rọrùn mọ́. Láti fi orúkọ ìyàwó kún un, àfi kí wọ́n kọ ìwé tuntun, kí wọ́n gba àṣẹ Mínísítà FCT, kí wọ́n sì san owó. A ń fẹ́ kí ìjọba FCT mú owó yẹn kúrò fún tọkọtaya lórí ilé tí wọ́n ń gbé, kí fọ́ọ̀mù wọn sì bèèrè orúkọ ẹnìkejì lójú ewé àkọ́kọ́. Rùwáńdà kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sínú ìwé ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Ní Amhara ní Etiópíà, fọ́tò àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé náà. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá ń yá obìnrin lówó ilẹ̀ sì máa kọ ṣẹ́ẹ̀kì náà sí orúkọ ẹni tó ń ta ilẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀dà àdéhùn tó ní orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó fi owó sílẹ̀.