Kì í ṣe gbogbo ìwé ṣọ́jà Amẹ́ríkà ló jóná ní 1973

“Ó ti bá iná lọ.” Èsì tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbọ́ nìyẹn tí wọ́n bá ń wá ìwé iṣẹ́ bàbá wọn àgbà tó ja Ogun Àgbáyé Kejì tàbí ogun Kòríà, wọn a sì pa á tì. Ó dùn wá, torí ọ̀pọ̀ ìwé náà ṣì wà.

Iná sọ lóòótọ́. Lọ́jọ́ 12 oṣù Keje 1973, àjà kẹfà ilé ìkófáìlì àwọn ológun ní St. Louis jó, fáìlì bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 sì ṣòfò láìní ẹ̀dà kankan. Ṣùgbọ́n ta ló kàn? Ṣọ́jà orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 1 oṣù Kọkànlá 1912 sí 1 oṣù Kìíní 1960, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú apá kan ọmọ ogun òfurufú. Ti ọmọ ogun ojú omi kò sí lára wọn. Ọjọ́ tó kúrò ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé: ṣọ́jà orí ilẹ̀ tó wọṣẹ́ ní 1942 tó fẹ̀yìn tì ní 1962 kò sí nínú ewu yìí. Kódà, wọ́n kó fáìlì tó lé ní mílíọ̀nù 6 jáde nínú omi àti eérú, wọ́n sì mú kí wọ́n gbẹ.

Tí fáìlì bá jóná ńkọ́? Ẹ fi fọ́ọ̀mù SF 180 béèrè lọ́wọ́ ilé ìkófáìlì náà, kí ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù NA 13075 mọ́ ọn kí wọ́n lè ṣa ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ jọ láti ibòmíràn. Ìwé owó tí wọ́n san fún un lọ́jọ́ tó kúrò ló wúlò jù: orúkọ, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ tó ti kúrò wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ àràárọ̀ ń bẹ pẹ̀lú, èyí tí akọ̀wé kọ̀ǹpáníì (ẹgbẹ́ ọmọ ogun kékeré) kọ̀ọ̀kan ń kọ lójoojúmọ́, àmọ́ ẹni tí nǹkan yí padà fún nìkan ló ń wọ inú rẹ̀: ẹni tó ṣàìsàn, tó gba ìgbéga, tó dé tàbí tó lọ. Láìsí orúkọ kọ̀ǹpáníì àti oṣù tí ẹ ń wá, ó ṣòro láti rí i.

Ẹ yẹ ilé ẹjọ́ ìlú ṣọ́jà náà wò. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ló lọ fi ìwé ìtúsílẹ̀ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, WD AGO 53-55 ní 1945, tàbí DD 214 láti 1950.

Ẹ má fi orúkọ nìkan wá káàdì ìgbàsíṣẹ́ ti 1938 sí 1946. Ẹ̀rọ ló kà wọ́n, ó sì ṣi ọ̀pọ̀ lẹ́tà kà. Nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ tó ní díjíìtì mẹ́jọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wá a.