Ṣé Ṣáínà la fẹ́ràn ni, àbí Amẹ́ríkà ló sú wa?

Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Pew Research Center, àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa ń wádìí èrò aráàlú káàkiri ayé, gbé èsì kan jáde ní oṣù Keje ọdún 2025. Orílẹ̀-èdè 25 ni wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀. Orúkọ Amẹ́ríkà bàjẹ́ ní ibi tó pọ̀, ti Ṣáínà sì ń dára sí i. Ní Mẹ́síkò, ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fojú rere wo Amẹ́ríkà ní 2024. Nígbà tó fi di 2025, ó ti já sí 29. Kánádà tó bá wọn pààlà, láti 54 ó di 34. Mo ti sọ ọ́ tipẹ́ pé Ṣáínà ló máa gba ipò Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá lè jà mí níyàn, ó yá.

Tíṣà Ọ̀yọ́
Rọra, ọmọ mi. Ibi tó dùn mọ́ ọ lo kà, o fo ìyókù. Bí a bá kó orílẹ̀-èdè 25 yẹn jọ, ìwọ̀n àárín àwọn tó ń fojú rere wo Ṣáínà kò ju 36% lọ. Àwọn tí kò gba tiẹ̀ jẹ́ 54%. Ní Jàpáànù, bí o bá kó èèyàn mẹ́wàá jọ, agbára káká lo fi máa rí méjì tó máa yìn ín. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba ipò nìyẹn?

Kì í sì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bush ọmọ gbógun lọ sí Ìráàkì ní 2003, àwọn ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ní Yúróòpù gan-an ń bú wọn. Obama dé ní 2009, orúkọ wọn gòkè. Trump dé ní 2017, ó wálẹ̀. Biden dé ní 2021, ó tún gòkè. Ẹni tó bá wà lórí àga ni ayé ń wò lójú.

Bọ̀dá Houston
Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ tún bá mi bi í léèrè ohun tí àwa ọmọ Nàìjíríà sọ nínú ìwádìí yẹn kan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú márùn-ún wa tó ní àwọn fọkàn tán Trump lórí ọ̀rọ̀ àgbáyé. Àwọn Kánádà ń sunkún, àwa ń pàtẹ́wọ́! Ta ló sì ń tò láàárọ̀ kùtùkùtù ní ilé aṣojú Ṣáínà pé òun fẹ́ kó ọmọ òun lọ máa gbé ní Beijing?

Àrẹ̀mú Guangzhou
Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni wọ́n bi wá? Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni. Oṣù Keje ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà sọ físà ọ̀pọ̀ wa di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta péré. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Trump fi Nàìjíríà kún àwọn tí wọ́n dá físà wọn dúró lápá kan, títí kan ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n padà wá bi wá léèrè báyìí, ká wá mọ bí àtẹ́wọ́ yẹn ṣe pọ̀ tó.

Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ tún gbọ́ èyí: ìwádìí míì jáde ní oṣù Karùn-ún 2025, orílẹ̀-èdè 100 ni. Wọ́n yọ iye àwọn tó kórìíra kúrò nínú iye àwọn tó fẹ́ràn. Amẹ́ríkà já láti 22 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, 5 ló fi wà nísàlẹ̀. Ṣáínà wà ní 14 lókè. Ta ló sì dá ẹgbẹ́ tó ṣe é sílẹ̀? Rasmussen, olórí NATO tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti Yúróòpù! Ọmọ Denmark ni (Denmark tí Trump fẹ́ gba Greenland lọ́wọ́ wọn).

Ìyá Aládìrẹ
Ẹ̀yin ọkùnrin ń ka iye lórí ara yín. Ẹ wá sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kí n fi hàn yín. Adìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya, tí a ń rẹ nínú aró, tí a ń sá, tí a tún ń rẹ, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní Ṣáínà, wọ́n á kó o wá fi iye tí kò tó owó aró mi lásán tà á. Oníbàárà mi tó ti ń rà á láti ayé ìyá mi ń wo tèmi, ó ń wo tiwọn, ó ń kọjá lọ. Ẹ bi mí ní ìbéèrè yẹn, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn mi.

Ọmọ Ìbàdàn
Ìyá wa, ẹ má bínú. Fóònù wo lẹ fi ń kọ èyí?

Ìyá Aládìrẹ
Tecno ni. Owó mi ni mo fi rà á, wọn ò ta mí lọ́rẹ. 😂

Ọmọ Ìbàdàn
Ṣẹ́ ẹ rí i! Ilé-iṣẹ́ kan ní Shenzhen, ní Ṣáínà, ló ni ín. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí mo máa ń wọ̀, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, CCECC, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ti Ṣáínà, ló ṣe é. Kí ni Amẹ́ríkà ṣe tí mo lè fọwọ́ kàn?

Bọ̀dá Houston
Oògùn HIV! PEPFAR, ètò Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti HIV, tí Bush kan náà tí ẹ ń bú dá sílẹ̀ ní 2003. Àìmọye èèyàn ló wà láàyè nítorí rẹ̀, títí kan ní àdúgbò tìrẹ. A kì í kọ orúkọ sára oògùn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ ojú irin. Rélùwéè rẹ yẹn ńkọ́? Owó tí a yá lọ́wọ́ Exim Bank ti Ṣáínà ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Tíṣà Ọ̀yọ́
Òótọ́ lo sọ nípa oògùn, Houston. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Trump padà wọlé, 20 oṣù Kìíní 2025, ló dá owó ìrànwọ́ òkèèrè dúró. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje, USAID, àjọ Amẹ́ríkà tó ń pín ìrànwọ́ yẹn, ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí Amẹ́ríkà fi lè gba ẹ̀bùn ìyìn lọ́wọ́ tálákà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wó o. Ẹ wo Kánádà náà: Trump pè wọ́n ní ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta Amẹ́ríkà, ó tún fi owó ibodè lé ọjà wọn. Ṣáínà ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn jókòó ni.

Àrẹ̀mú Guangzhou
Kó jókòó dáadáa o. Mo wà níbí ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà Kòrónà, tí wọ́n ń lé àwa aláwọ̀ dúdú jáde nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ti san owó ilé sùn sí títì. Ara mi ò tíì gbàgbé. Mo ṣì ń ra ọjà wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọjà wà. Bí ẹni tó ń wádìí bá bi mí bóyá mo ń fojú rere wò wọ́n, ṣé ọ̀rọ̀ ọjà ni kí n fi dáhùn ni, àbí ti òru ọjọ́ yẹn?

Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bọ̀dá Houston ò tíì sọ nǹkan kan lórí Mẹ́síkò.

Bọ̀dá Houston
Ìjà ará ilé ni ti Mẹ́síkò. Houston níbí lèmi ń gbé, àwọn ará Mẹ́síkò ló yí mi ká. Wọ́n ń bú Trump láàárọ̀, wọ́n ò sì kó ẹrù wọn.

Ìyá Aládìrẹ
Ìwọ náà ò kó tìrẹ.