Àgbà tó wà lọ́jà tó fọwọ́ lẹ́rán: ọ̀rọ̀ àwọn kóòṣì NFL

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Kò sẹ́ni tí ò mọ òwe yìí nínú wa, tí wọ́n bá ti pa á nípàdé ẹbí o ti mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń bá wí, pé kó o dìde kó o ṣe nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí nínú ẹ̀ ni pé òwe náà ò bá ìyá tó pọn ọmọ jà rárá. Ìyá ń ra ata, iwájú lojú ẹ̀ wà, kò lè rí ẹ̀yìn ara ẹ̀. Àgbà tó dúró síbẹ̀, tó rí i, tẹ́nu ẹ̀ sì tó o sọ, òun lẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀. Mo máa ń rántí ẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá lé kóòṣì kan dànù ní NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, táwọn èèyàn á wá máa jà lórí bóyá ó tọ́ sí i àbí kò tọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ń wò, Arsenal àti Man U ló ń kó ẹ̀jẹ̀ ríru bá wa, kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa tó wà ní Chicago, ní Houston, ní Maryland, àwọn ọmọ wọn ti wà nídìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí tipẹ́. Adewale Ogunleye àti Brendon Ayanbadejo wà nínú tíìmù Chicago Bears tó dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL, ní February 2007, Olu Fashanu náà rèé, New York Jets mú un ní 2024. Ọ̀rọ̀ wa ni.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: tíìmù 32 ló wà, géèmù 17 péré ni kálukú ń gbá láti September títí wọ inú January, lẹ́yìn ẹ̀ ló kan playoff tí wọ́n fi ń wá àwọn tó máa dé Super Bowl. Ẹ fi wé Premier League tí wọ́n ń gbá 38, ẹ̀ẹ́ rí i pé ẹ ò lè ṣe fàájì pẹ̀lú ẹ̀, tó o bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn báyìí, ọdún ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí kóòṣì ò fi ń sùn. Ọjọ́ Monday tó tẹ̀ lé géèmù tó kẹ́yìn, Black Monday ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń kó ìwé ìgbélé-ẹ fún wọn bí ẹni pín sóúfúnià.

Matt Eberflus, kóòṣì Chicago Bears, ò tiẹ̀ dé Black Monday. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó tì díẹ̀ torí mi ò rí ibòmíì tí òwe yìí ti bá èèyàn mu tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Thanksgiving ni, November 28, 2024, ní Detroit, Bears àti Lions. Lions ti na Bears 16-0 kí wọ́n tó lọ sinmi, àwọn èèyàn ti ń bu tọ́kì jẹ, wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀. Làwọn Bears bá dìde, wọ́n lé e lé e títí ó fi di 23-20. Caleb Williams ni quarterback wọn, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn yòókù, ọmọ tuntun pátápátá, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tó jáde ní yunifásítì lọ́dún yẹn. Ó ti gbé bọ́ọ̀lù dé yáàdì 25 àwọn Lions, kò ju kí wọ́n gbá a wọlé láti ibẹ̀ kí wọ́n gba póìǹtì mẹ́ta kó di ọ̀mì. Ni rẹfirí bá fìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan sún wọn sẹ́yìn, Za'Darius Smith ti Lions tún já wọlé, ó gbé ọmọ náà lulẹ̀, wọ́n bá ara wọn ní yáàdì 41. Aago ń lọ. Sẹ́kọ́ńdì 32 ló kù.

Nínú bọ́ọ̀lù yìí, timeout mẹ́ta ni tíìmù kọ̀ọ̀kan ní nínú ìdajì géèmù, tó o bá ti pè é aago á dúró, gbogbo yín á fara balẹ̀, ẹ̀ẹ́ jọ sọ ohun tó kàn. Ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ Bears. Kóòṣì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá níbẹ̀ yẹn, Matt Eberflus, iṣẹ́ ẹ̀ ni, tó bá kàn sọ ọ́ sétí rẹfirí báyìí ó ti tán. Kò pè é. Ọmọ ń wo ọ̀tún ó ń wo òsì, ó ń pariwo láti to àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, aago ń lọ, ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́wàá, gbogbo ayé ń kígbe mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé pe timeout, pe timeout jàre! Sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà ló kù kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Williams jù ú jìnnà sí Rome Odunze, ó bọ́ sílẹ̀, géèmù parí. Timeout ṣì wà lápò, wọ́n gbé e relé bí ẹni gbé owó tí ò ṣeé ná mọ́.

Wọ́n bi í léèrè lẹ́yìn ẹ̀, ó ní àwọn ṣe é bó ṣe yẹ kí àwọn ṣe é. Haba! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó tún bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ bíi kóòṣì tó ṣì ní iṣẹ́, kò pé wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lé e. Láti 1920 tí Bears ti wà, wọn ò lé olórí kóòṣì láàárín sísìn rí, orí ẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan sọ pé sẹ́kọ́ńdì 32 ò tó nǹkan tí wọ́n á fi gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn. Èmi náà gbà pé kò tó, àmọ́ kì í ṣe sẹ́kọ́ńdì 32 ló lé e. Orí ọmọ ti ń wọ́ bọ̀ látọjọ́ yìí. Ní October, Bears fẹ́ na Washington, bọ́ọ̀lù ẹyọ kan ṣoṣo ló kù kí géèmù parí, Tyrique Stevenson tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀yìn kọjú sí àwọn fáànù ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Jayden Daniels ju bọ́ọ̀lù sókè réré, ó lọ bá Noah Brown, Washington wọlé, 18-15. Ọmọ ọdún mélòó ni Stevenson, ó kàn ṣe ọmọdé ni. Àgbà ńkọ́? Kí lẹni tó ń kọ́ wọn ti sọ fún wọn nípa kí wọ́n má kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́? Láti ọjọ́ yẹn wọn ò borí mọ́ títí Detroit fi dé, mẹ́fà léra wọn, tíìmù tó wà ní 4-2 di 4-8. Tí wọ́n bá fìdí rẹmi báyìí, kóòṣì á ní àwọn ń sún mọ́ ọn, àwọn ọmọ ń gbìyànjú. Ẹni tí ò bá rí i pé orí ń wọ́, báwo ló ṣe fẹ́ tún un ṣe?

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn o. Kì í ṣe pé kóòṣì fìdí rẹmi ló ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo sunday ni tíìmù bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń fìdí rẹmi, ṣé ká lé gbogbo wọn ni? Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé agbára wà lọ́wọ́ ẹ, o ò lò ó, wọ́n tún bi ẹ́ o ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo Dan Campbell, kóòṣì Lions kan náà. January 28, 2024, ó ku géèmù kan kí wọ́n dé Super Bowl, ìyẹn tí Detroit ò dé rí láyé wọn, wọ́n ti na San Francisco 24-7 kí wọ́n tó lọ sinmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kó ní kí wọ́n gbá a wọlé kí wọ́n gba póìǹtì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ló ní rárá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ìgbìyànjú kẹrin tó jẹ́ ìgbẹ̀yìn ni méjèèjì, kò bọ́ sí i. Ti àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Josh Reynolds ni. 34-31 ni San Francisco fi lù wọ́n. Campbell jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní òun ò kábàámọ̀ ìpinnu òun àmọ́ òun mọ̀ pé wọ́n á bá òun wí, kò sì burú. Ọ̀pọ̀ èèyàn bú u, èmi náà rò pé ó yẹ kó gba póìǹtì mẹ́ta yẹn nígbà kejì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lé e, àwọn ọmọ ẹ̀ sì ń fẹ́ kú fún un lórí pápá. Pete Carroll náà, February 2015, yáàdì kan péré ló kù fún Seattle láti gba Super Bowl, wọ́n ju bọ́ọ̀lù, Malcolm Butler gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n gbé e lé òun lórí. Ó ṣì lo ọdún mẹ́sàn-án sí i níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé kó o ṣáà ti jẹ́wọ́ ló ń gbà ẹ́ là o. Nathaniel Hackett, géèmù àkọ́kọ́ tó máa darí fún Denver ní September 2022, ó gbé bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ Russell Wilson tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó rẹpẹtẹ gbà, ó ní kí wọ́n gbá a láti yáàdì 64. Wọn ò bá a, 17-16. Lọ́jọ́ kejì ó gbà pé òun ṣe é tì. Wọ́n tiẹ̀ wá àgbà kan, Jerry Rosburg, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kó máa bá a ṣọ́ aago. Síbẹ̀ nǹkan ò yí padà, wọ́n jẹ 51-14 lọ́jọ́ Kérésì, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Rosburg tó wá bá a ṣọ́ aago. Ayé!

Àmọ́ o. Òwe ò tán sí ibì kan. Àwọn àgbà tún ní ká lé akátá jìnnà ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Ibí yìí làwọn fáànù ti ń ṣìnà jù, torí adìẹ la máa ń rí, ó ń rìn káàkiri iwájú wa, akátá wà nínú igbó, ó wọ súùtù, ó wà nínú bókìsì òkè níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́.

Bears kan náà yìí, Lovie Smith tó gbé wọn dé Super Bowl, ní 2012 ó borí mẹ́wàá nínú 16 tí wọ́n ń gbá nígbà yẹn, wọ́n lé e. Ẹ gbọ́ o, géèmù mẹ́wàá! Marc Trestman dé, ọdún méjì, wọ́n lé e. John Fox, ọdún mẹ́ta. Matt Nagy, mẹ́rin. Eberflus. Adìẹ márùn-ún ti lọ láàárín ọdún méjìlá, ìdílé McCaskey tó ni tíìmù ò kúrò lójú kan, ta ló máa lé wọn? Ẹni tó ni nǹkan kì í gba Black Monday.

Ti Houston tún wá dùn mí ju ìyẹn lọ, àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Ní 2021 wọ́n gba David Culley, wọ́n ti ta gbogbo nǹkan tó dára nínú tíìmù, ó ṣe ọdún kan, wọ́n lé e. Wọ́n gba Lovie Smith kan náà ní 2022, ọdún kan, wọ́n lé e. Èèyàn dúdú làwọn méjèèjì. Òfin kan wà láti 2003 tí wọ́n ń pè ní Rooney Rule, pé tíìmù gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹni tí kì í ṣe òyìnbó lẹ́nu wò kí wọ́n tó gba kóòṣì, òfin dáa, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò sọ pé kí wọ́n fún un lásìkò tó bá débẹ̀. Kí wọ́n fún èèyàn ní oko gbígbẹ, kí wọ́n wá bi í nígbà ìkórè pé iṣu dà?

Àwọn tó ní sùúrù wà o. Pittsburgh Steelers gba Chuck Noll ní 1969, ó borí ẹyọ kan, ó fìdí rẹmi mẹ́tàlá. Tó bá jẹ́ ayé ìsinsìnyí ni, àwọn fáànù ti máa lọ fi ọkọ̀ òfuurufú fa àsíá kiri ojú ọ̀run pé kí wọ́n lé e. Wọn ò lé e. Super Bowl mẹ́rin ló gbà fún wọn, 1991 ló tó ṣíwọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ Bill Cowher, lẹ́yìn ẹ̀ Mike Tomlin ní 2007. Campbell gan-an, ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Detroit, 3-13-1 ló ṣe lọ́dún àkọ́kọ́, ọdún kejì ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1-6. Ẹni tó bá lé e nígbà yẹn á máa jẹ ìka lónìí.

Bill Belichick tó ṣe kóòṣì New England ńkọ́? Bí onírèsé bá kọ̀ tí ò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ ò ní parun. Super Bowl mẹ́fà nìyẹn, New England ṣì tú u sílẹ̀ ní January 2024 lẹ́yìn 4-13, wọ́n sì ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò rí ìjà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ti Tom Brady tó jẹ́ quarterback ẹ̀, kó dúró dọjọ́ mìíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ń bá wa wò ó, géèmù aago kan ọ̀sán tiwọn jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Èkó nígbà tí sísìn bá bẹ̀rẹ̀, tó bá di November ó di méje. Ti alẹ́ Sunday, aago kan òru kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, tó bá di November ó di méjì kọjá ogún, ẹ ro ti iṣẹ́ Monday mọ́ ọn jọ̀ọ́, ẹ má sì fi owó iléèwé ọmọ ta tẹ́tẹ́ sí i. Bá a bá ń sunkún, à máa ríran. Tí inú bá ń bí yín sí kóòṣì, ẹ wo ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń lo timeout ẹ̀, ibẹ̀ leèyàn ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn tó fìdí rẹmi, ṣé orúkọ ara ẹ̀ ló dá àbí tọmọ ẹlòmíì. Ẹ wo ẹni mélòó nínú àwọn tó ń gbá a tó fara pa, torí kò sí kóòṣì tó lè fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù.

Tí wọ́n bá sì lé ti tíìmù yín ní January, kẹ́ ẹ tó máa jó, ẹ béèrè ẹni tó fẹ́ gba èyí tó ń bọ̀. Ryan Poles, general manager tó ń gba kóòṣì, ló wà lórí àga ní Chicago nígbà tí wọ́n gba Eberflus ní January 2022. Ní January 2025 tí wọ́n lọ gbé Ben Johnson wá láti Detroit, orí àga kan náà ló ṣì jókòó sí.